Igbá Obìnrin Kì Í Ṣe Katakata: Ọ̀rọ̀ Lórí Wíwá Wúrà ní Ilẹ̀ Gbogbo Ènìyàn

Ìka ọwọ́ kò dọ́gba. Gbólóhùn kúkúrú ni èyí, ọmọdé ilé ìwé pàápàá sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ara balẹ̀ wo àwọn òfin tí àwọn ìjọba ilẹ̀ adúláwọ̀ ń ṣe lórí ilẹ̀ àti lórí ohun tí ó wà nínú ilẹ̀, a ó rí i pé àwọn tí ń kọ òfin a máa gbàgbé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí, pàápàá jù lọ ẹ̀yin olùkọ́ tí ọkàn àwọn ọmọ wa wà ní ìkáwọ́ yín. Láti Santasi ni n ó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Santasi jẹ́ àdúgbò kan ní ìlú Kùmásì, ní ilẹ̀ Àṣáńtì, ní orílẹ̀-èdè Gánà. Níbẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ Opoku Ware wà, èyí tí ìjọ Àgùdà dá sílẹ̀ ní ọdún 1952, tí wọ́n sì fi orúkọ ọba Àṣáńtì ayé àtijọ́ kan sọ. Ilẹ̀ ọlọ́rọ̀ ni ilẹ̀ tí ó yí Kùmásì ká. Obuasi, ìlú tí ìwakùsà rẹ̀ di olókìkí káàkiri ayé, kò jìnnà sí i. Bí ìwọ̀n 60 kìlómítà ni, ní ìhà gúúsù. Ọmọ tí a bí sí ilẹ̀ yìí kò ní ṣàì gbọ́ ìró wúrà kí ó tó mọ̀wé kà.

Nígbà tí mo lọ sí Santasi, mo kí ìyá àgbàlagbà kan níbẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tí bàbá rẹ̀ ti ń ta aṣọ ní ọjà Kùmásì láti ìgbà ọmọdé rẹ̀. Ìyá yìí wà lára àwọn tí ó kó ẹrù padà sí ilé ní ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù November pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó tún padà wá lẹ́yìn ọdún díẹ̀, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti wí, èdè Twi ni òun fi ń lá àlá.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Ìyá,” ni mo wí, mo sì dọ̀bálẹ̀.

“Kú àbọ̀, ọmọ mi. Dìde. Ṣé dáadáa ni o dé?”

A jókòó, a jẹun, a sì ń sọ̀rọ̀ ilé àti ti oko. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, ìyá náà fi ọwọ́ lérán. Ó ní obìnrin kan wà tí àwọn jọ ń tajà, ará abúlé kan ní etí odò. Láti ìgbà ìyá ìyá rẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ yanrìn odò náà nínú igbá onígi lẹ́yìn tí òjò bá ti dá, láti fi wá ìwọ̀nba lẹ́búlẹ́bú wúrà tí wọn yóò tà fún owó ilé ìwé ọmọ. Ní ọjọ́ kan, àwọn agbófinró dé. Wọ́n mú obìnrin náà pẹ̀lú igbá rẹ̀. Ẹni tí ó ni katakata tí ó hú odò kan náà títí tí ó fi di ẹrọ̀fọ̀ kò sí nítòsí. Ẹnikẹ́ni kò sì wá a lọ.

“Ọmọ mi,” ni ìyá wí, “ìwọ tí o kàwé ní ìlú òyìnbó, wí fún mi: ṣé òfin kan náà ni ó yẹ kí ó mú igbá, kí ó sì mú katakata?”

Èmi kò lè dá a lóhùn ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tí mo rí lẹ́yìn tí mo ti wádìí ni mo kọ sí ìsàlẹ̀ yìí.

Ohun èkíní tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé ilẹ̀ Àṣáńtì kò ṣàìní òfin lórí wúrà kí òyìnbó tó dé. Lẹ́búlẹ́bú wúrà ni owó tí wọ́n ń ná. Wọ́n ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, olúkúlùkù oníṣòwò a sì máa gbé òṣùwọ̀n tirẹ̀ káàkiri. Ní ọdún 1817, òyìnbó kan tí ń jẹ́ Thomas Edward Bowdich lọ sí Kùmásì gẹ́gẹ́ bí ikọ̀, ìwé tí ó sì kọ nípa ìrìn àjò náà jáde ní 1819. Ó ròyìn níbẹ̀ pé bí wúrà bá dà sílẹ̀ láàárín ọjà Kùmásì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣà á. Inú iyẹ̀pẹ̀ ni yóò wà títí di ìgbà tí ọba bá pàṣẹ pé kí a fọ ilẹ̀ ọjà náà. Ohun tí a bá sì rí níbẹ̀ di ti ìjọba.

Ẹ jẹ́ kí á ronú sí èyí. Ilẹ̀ gbogbo ènìyàn ni ọjà. Wúrà wà níbẹ̀, ojú sì rí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò kàn án, nítorí pé gbogbo ìlú ni ó mọ òfin, tí wọ́n sì mọ ìdí tí a fi ṣe é. Ní àwọn odò àti ní inú igbó pẹ̀lú, òfin wà. Wúrà tí ó bá tóbi ní odindi, ti ọba ni. Ti lẹ́búlẹ́bú, ẹni tí ó wà á a máa fi ìpín onílẹ̀ sílẹ̀. Pínpín sí ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn Akan ń pè ní abusa, a sì mọ̀ ọ́n nínú oko kòkó títí di òní. Ọjọ́ ìsinmi pẹ̀lú wà fún ilẹ̀. Asase Yaa ni àwọn Àṣáńtì ń pe ilẹ̀, Ọjọ́bọ̀ sì ni ọjọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá bẹ̀rù àṣà kì í fi ọkọ́ kan ilẹ̀ ní ọjọ́ náà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wí pé Afíríkà kò mọ bí a ti ń ṣètò ìwakùsà kí òyìnbó tó dé kò mọ ìtàn.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn amúnisìn dé. Ní nǹkan bí ọdún 1890, àwọn ọmọ ilẹ̀ mẹ́ta láti Cape Coast, Joseph Ellis, Joseph Biney àti Joseph Brown, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wúrà ní Obuasi. Kò pẹ́ tí ọ̀gbẹ́ni Edwin Cade láti London fi gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n sì dá ilé iṣẹ́ Ashanti Goldfields Corporation sílẹ̀ ní 1897 lórí ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó 100 máìlì níbùú lóròó. Ní ọdún 1897 kan náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn ìjòyè etíkun dá ẹgbẹ́ Aborigines’ Rights Protection Society sílẹ̀ láti tako òfin ilẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ ṣe. Wọ́n rán ikọ̀ lọ sí London ní 1898, wọ́n sì borí: òfin náà kò fìdí múlẹ̀. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ ilé ìwé ní ìwọ̀-oòrùn Afíríkà mọ ìtàn yìí, nítorí pé ó fi hàn pé pẹ̀lú ìwé kíkọ àti ìṣọ̀kan, ènìyàn lè gba ilẹ̀ baba rẹ̀ sílẹ̀ láìta ẹ̀jẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí wọn kò rí gbà lápapọ̀, wọ́n gbà á díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 1932 ni wọ́n ṣe òfin mẹ́kúrì, èyí tí ó ka fàdákà olómi náà léèwọ̀ fún àwọn ọmọ ilẹ̀ tí ń wa wúrà. Èmi kò wí pé mẹ́kúrì dára. Májèlé ni, a ó sì padà sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ òfin náà fún àwọn adúláwọ̀ nígbà náà ni pé iṣẹ́ tí baba wọn ń ṣe lójú ọ̀sán di iṣẹ́ òru, tí àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó sì ń bá tiwọn lọ lábẹ́ ààbò ìjọba. Láti ìgbà náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá wúrà ní ilẹ̀ ara rẹ̀ sí olè.

Òmìnira dé ní ọdún 1957, ṣùgbọ́n ìtìjú yìí kò kúrò. Ó tó ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn rẹ̀, ní 1989, kí ìjọba Rawlings tó ṣe òfin tí ó gba àwọn ọmọ ilẹ̀ láyè láti máa wa wúrà ní ìwọ̀n kékeré. Òfin ìwakùsà ti ọdún 2006 ni ó rọ́pò rẹ̀. Òfin náà wí pé ọmọ Gánà nìkan ni ó lè gba ìwé àṣẹ ìwakùsà kékeré, ẹni náà sì gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 18. Ilẹ̀ tí wọn yóò fún un kì í ju éékà 25 lọ. Mínísítà ni ó ń fi ọwọ́ sí ìwé náà, ó sì tún gbọ́dọ̀ gba ìwé lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣọ́ àyíká. Ní ọdún 2019 ni wọ́n fi ìyà kún òfin yìí: ẹni tí ó bá wa wúrà láìní ìwé àṣẹ lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 15 títí dé 25, láìka owó ìtanràn.

Èmi fara mọ́ ọn pé kí a fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún ọmọ onílẹ̀. Àlejò kì í gbẹ́ ilẹ̀ ilé ẹni tí ó gbà á sí ilé, ìbáà ṣe Yorùbá, ìbáà ṣe ará Ṣáínà. Èmi sì fara mọ́ ọn pé kí ìyà tí ó le wà fún ẹni tí ó bá ba odò jẹ́. Ohun tí èmi kò fara mọ́ ni pé òfin náà mọ ilé iṣẹ́ ńlá, ó mọ ẹni tí ó fẹ́ éékà 25, ṣùgbọ́n kò ṣí ilẹ̀kùn kankan fún ẹni tí kò ní ju igbá kan lọ. Obìnrin etí odò kò fẹ́ éékà kankan. Bí ó bá gba ibi tí ẹní kan tẹ́ sí fún òwúrọ̀ kan, ó tó o. Síbẹ̀, lójú òfin, òun àti ẹni tí ó gbé katakata mẹ́wàá wọ inú igbó jọ jẹ́ ọ̀daràn kan náà ni.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo fojú kéré ìparun tí ó ń ṣẹlẹ̀. “Galamsey” ni wọ́n ń pe ìwakùsà aláìníwèé ní Gánà, láti inú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí “kó wọn jọ, kí o tà wọ́n”. Ní àtijọ́, ìṣe onígbá ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. Lónìí, ti ẹ̀rọ ni. Odò Pra, odò Offin, odò Birim àti odò Ankobra ti di pupa bí omi ẹlẹ́bu amọ̀. Ní ọdún 2024, ilé iṣẹ́ omi Gánà kéde pé omi tí ń wọ ibi ìfọmi Sekyere Hemang ní etí odò Pra ti rú dé ìwọ̀n 14,000, nígbà tí ó jẹ́ pé ìwọ̀n 2,000 ni a kọ́ ibẹ̀ láti gbà. Láti ibẹ̀ ni Cape Coast ti ń mu omi: ìlú kan náà tí ikọ̀ ọdún 1898 ti jáde lọ gba ilẹ̀ wọn sílẹ̀! Ní ọdún náà ni àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Gánà fi ìdáṣẹ́sílẹ̀ halẹ̀ mọ́ ìjọba ní oṣù October nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ 6 oṣù August, ọdún 2025, hẹlikópítà ológun kan tí ó gbéra láti Accra lọ sí Obuasi já nínú igbó Àṣáńtì. Ènìyàn mẹ́jọ ni ó kú, mínísítà ọ̀rọ̀ ààbò àti mínísítà ọ̀rọ̀ àyíká sì wà nínú wọn. Nítorí ètò ìwakùsà kékeré tí ó bófin mu ni wọ́n ṣe ń lọ. Ẹ̀jẹ̀ ti wọ ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré mọ́.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí á bi ara wa léèrè: ta ni ó rú odò Pra? Ṣé igbá ni? Ẹgbẹ̀rún obìnrin onígbá, bí wọ́n bá fọ yanrìn fún ọdún kan, wọn kò lè hú ohun tí katakata kan ń hú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ní oṣù October ọdún 2025, iye tí wọ́n ń ta ounce wúrà kan ní ọjà àgbáyé kọjá 4,000 dọ́là. Owó báyìí ni ó ń pe ọlọ́rọ̀ wá sí inú igbó; ẹni tí ó lè ra katakata tàbí tí ó lè háyà rẹ̀ kì í ṣe mẹ̀kúnnù. Bí a bá ń lé ọlọ́pàá tọ onígbá, a jẹ́ pé a ń lé eku nígbà tí ilé ń jó.

Ó kù kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní òkè òkun. Nígbà tí mo wà ní ilẹ̀ òyìnbó fún ẹ̀kọ́, ọ̀rẹ́ mi kan mú mi lọ sí Wanlockhead, abúlé kan láàárín àwọn òkè Skọ́tílándì. Mo bá ọkùnrin àti obìnrin níbẹ̀, olùkọ́, akọ̀wé, ọ̀dọ́mọkùnrin, tí wọ́n wọ bàtà òjò, tí wọ́n tẹ̀ ba sínú odò tútù, tí wọ́n ń yí abọ́ ní ọwọ́. Wúrà ni wọ́n ń wá. Kì í ṣe nítorí ebi. Eré ìtura ni wọ́n fi ṣe. Àwọn ará Skọ́tílándì ní òfin láti ọdún 1424 pé ti ọba ni wúrà tí ó wà ní ilẹ̀ wọn, síbẹ̀ ẹni tí ó bá gba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀ lè fi abọ́ fọ yanrìn ní àlàáfíà, bí ó bá ti lè fi ẹ̀rọ sílẹ̀, tí kò sì gbẹ́ etí odò.

Ní New Zealand, ìjọba ti ya ibi púpọ̀ sọ́tọ̀ ní erékùṣù Gúúsù tí ẹnikẹ́ni lè lọ fọ yanrìn wá wúrà láìgba ìwé kankan, bí ó bá jẹ́ pé irinṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni ó mú lọ. Ní ìpínlẹ̀ Victoria ní Ọsirélíà, ìtàn tí ó wà níbẹ̀ tún jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ní 1851, ìjọba amúnisìn gbé owó ìwé àṣẹ ṣílè 30 lóṣooṣù lé àwọn awakùsà lórí, yálà wọ́n rí wúrà tàbí wọn kò rí i. Àwọn ọlọ́pàá sì ń lé wọn kiri bí ẹran. Bí wọ́n tilẹ̀ dín owó náà kù lẹ́yìn náà, inú kò tutù. Ní ọjọ́ 3 oṣù December, ọdún 1854, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Eureka ní ìlú Ballarat, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kú. Kí ni ìjọba ṣe lẹ́yìn rẹ̀? Ní 1855 wọ́n fagi lé ìwé àṣẹ náà, wọ́n sì fi ìwé tí wọ́n ń pè ní Miner’s Right rọ́pò rẹ̀, ní pọ́n-ùn kan péré fún odindi ọdún. Ìwé olówó pọ́ọ́kú yìí sọ arúfin di ọmọ ìlú, ó tilẹ̀ fún un ní ẹ̀tọ́ ìdìbò. Títí di òní ni wọ́n ṣì ń fún ènìyàn ní irú ìwé náà ní Victoria.

Mo wá rí ohun ìyanu. Òyìnbó tí ó ń fi wúrà wíwá ṣeré ní òfin tí ó dáàbò bò ó. Obìnrin adúláwọ̀ tí ó ń fi í bọ́ ọmọ, ẹ̀wọ̀n ni òfin rẹ̀. Ṣé a gba òmìnira kí eré ọlọ́rọ̀ lè ní ẹ̀tọ́ ju oúnjẹ tálákà lọ ni?

Nítorí náà, mo dábàá pé kí Gánà, àti àwa pẹ̀lú ní Nàìjíríà, dá ìwé àṣẹ kẹta sílẹ̀: ìwé onígbá. Àwọn òfin tí ó yẹ kí ó dè é nìwọ̀nyí.

Ìkíní, irinṣẹ́ ọwọ́ nìkan: igbá tàbí abọ́, ọkọ́, ṣọ́bìrì àti asẹ́. Bí ẹ̀rọ kankan bá ti dún, ìbáà ṣe ẹ̀rọ afami, ìwé náà ti di òfo.

Ìkejì, mẹ́kúrì di èèwọ̀ pátápátá, láìsí àwíjàre. Igbá kò nílò rẹ̀. Omi àti sùúrù tó.

Ìkẹta, ibi tí a ti yàn nìkan. A kò gbọdọ̀ fọ yanrìn nínú igbó ọba, tàbí ní òkè ibi tí ìlú ti ń mu omi, tàbí nítòsí ilé ìwé, itẹ́ òkú àti ojúbọ. Yanrìn inú odò ni kí a fọ̀. Etí odò kò ṣeé gbẹ́, nítorí pé gbòǹgbò igi tí ó dì í mú ni ó ń pa odò mọ́.

Ìkẹrin, ihò kò gbọdọ̀ jìn ju orúnkún lọ, a sì gbọ́dọ̀ dí i kí oòrùn tó wọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ti kú sínú ihò tí awakùsà fi sílẹ̀ tí omi òjò kún.

Ìkarùn-ún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ náà. Bí olùkọ́ bá fẹ́ kó kíláàsì rẹ̀ lọ wo bí ilẹ̀ ti ń so wúrà, ẹ̀kọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ sí odò, ọjọ́ ọ̀la ni ó ń fọ̀ dànù.

Ìkẹfà, kí a máa gba ìwé náà ní ìjọba ìbílẹ̀, kì í ṣe ní Accra, ní iye tí obìnrin tí ń ta tòmátì lè san, kí ó sì wà fún ọdún kan. Òfin ọdún 2006 ti pèsè ìgbìmọ̀ fún ibi tí a bá yàn fún ìwakùsà kékeré, níbi tí aṣojú ìjọba ìbílẹ̀ àti aṣojú àwọn ọba ti ń jókòó pọ̀. Iṣẹ́ irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ nìyí.

Ìkeje, kí ìjọba rà á ní iye tí ó tọ́. Gánà dá àjọ GoldBod sílẹ̀ nípa òfin ní ọdún 2025 láti máa bójú tó ríra àti títà wúrà àwọn awakùsà kékeré. Ó dára, ṣùgbọ́n kí olùrà tọ onígbá lọ ní ọjọ́ ọjà, nítorí pé bí kò bá dé, ayọ́kẹ́lẹ́rà òru yóò dé. Kí ìpín díẹ̀ sì lọ fún abúlé, gẹ́gẹ́ bí abusa ìgbàanì.

Ìkẹjọ, kí ọjọ́ ìsinmi wà fún odò. Ní Àṣáńtì, Ọjọ́bọ̀ ti wà nílẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn alátakò yóò sọ. Wọn yóò ní bí a bá ṣí ilẹ̀kùn fún onígbá, oníkatakata yóò sá pamọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Èmi sì ní: katakata kì í ṣe abẹ́rẹ́ tí a lè fi pamọ́ sínú ìdì aṣọ. À ń gbọ́ ìró rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ta ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ ju ẹni tí ó wà ní odò lójoojúmọ́ lọ? Lónìí, obìnrin náà kò lè fi ẹjọ́ sùn, nítorí pé arúfin ni òun pẹ̀lú. Fún un ní ìwé, yóò di olùṣọ́, nítorí pé ó ti ní ohun tí ó lè pàdánù.

Wọn yóò tún ní igbá tí ó pọ̀ jù lè rú omi. Òótọ́ ni èyí, èmi kò sì ní jiyàn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí iye ìwé tí a óò fún ibi kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n, kí a sì ti ibẹ̀ pa ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí omi bá fà. Ẹlòmíràn yóò wí pé àlejò ni mí, kí ni ó kàn mí? Lóòótọ́, àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí mo bá ṣì í sọ, kí àwọn onílẹ̀ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n iná tí ó ń jó ilé aládùúgbò kì í bi wa léèrè orílẹ̀-èdè kí ó tó fò dé orí òrùlé wa.

Ó tilẹ̀ ti fò dé. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní wúrà. Iperindo, Itagunmodi àti Igun, ọmọdé ibẹ̀ mọ bí a ti ń fọ yanrìn. Ilé iṣẹ́ ńlá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wúrà ní Ṣẹ́gilọlá láti oṣù July ọdún 2021. Òfin ìwakùsà wa ti ọdún 2007 fi gbogbo ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá. Ní ọdún 2022, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn olùjọ́sìn pé kí wọ́n má ṣe mu omi odò náà. Ẹ̀yin ará, ẹ rò ó wò: omi tí àwọn baba wa ń bù fún àgàn kí ó lè bímọ ni a ń kìlọ̀ fún ènìyàn pé kí ó má mu! Ní Zamfara, ní ọdún 2010, ó lé ní 400 ọmọdé tí ó kú nítorí òjé tí ó wà nínú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ ní agbo ilé. Kì í ṣe pé àwọn òbí wọn burú. Ẹnikẹ́ni kò sọ òfin ìlera fún wọn, nítorí pé iṣẹ́ tí a bá lé sínú òkùnkùn, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀kọ́ kì í dé ibẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi darí ọ̀rọ̀ yìí sí ẹ̀yin olùkọ́. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìtàn ọjà Kùmásì, kí wọ́n mọ̀ pé àwọn adúláwọ̀ lè rí wúrà nílẹ̀ kí wọ́n má sì fi ọwọ́ kàn án, nígbà tí òfin bá jẹ́ tiwọn. Ẹ sọ fún wọn nípa ikọ̀ ọdún 1898. Ẹ kọ́ wọn pé mẹ́kúrì àti òjé a máa ba ọpọlọ jẹ́. Ẹ sì jẹ́ kí ẹni tí yóò di aṣòfin lọ́la nínú wọn mọ̀ pé òfin rere a máa ya ohun tí ó yàtọ̀ sọ́tọ̀. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi ti òsì fà á mọ́ra. Òfin tí ó wà lónìí ní ọwọ́ ọ̀tún tí ó le gan-an. Ọwọ́ òsì ni a kò tíì rí.

Mo ti kọ lẹ́tà sí ìyá mi ní Santasi. Mo ní: “Ìyá, ẹ̀yin ni ẹ jàre. Kò yẹ kí òfin kan náà mú igbá àti katakata. Ènìyàn ni ó kọ òfin náà, ènìyàn ni yóò tún un kọ.”